Bí Mo Ṣe Wá Ojú Abídèmí Lọ sí Ìlú Atúnjúṣe

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin àlejò. Ẹni tó bá rí àga kó jókòó sórí àga, ẹni tí kò bá rí kó jókòó sílẹ̀, nítorí ilẹ̀ kì í lé èèyàn dìde. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n sọ fún mi. Ẹsẹ̀ mi ló rìn ín, ojú mi ló rí i, àyà mi ló sì já. Èmi Ọdẹ́lẹ́yẹ ọmọ Ṣógbádé, èmi tí ẹfọ̀n rí tó yà bàrá, èmi tí ìkookò gbọ́ ikọ́ mi tó kó àwọn ọmọ rẹ̀ sá lọ, ẹ̀rù bà mí nínú ìrìn-àjò yìí, n kò sì tijú láti sọ ọ́. Ọdẹ tó bá ní ẹ̀rù kò bà òun rí, ẹ má ṣe bá a wọ igbó, yóò pa yín.

Àbúrò kan ṣoṣo ni mo ní, ìyá kan náà, bàbá kan náà. Ọdẹ́bùnmi ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni òun náà bí, ó sì sọ ọ́ ní Abídèmí, nítorí bàbá ọmọ náà wà lẹ́yìn odi nígbà tí wọ́n bí i. Abídèmí dàgbà, ó di ọ̀dọ́mọbìnrin, ó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní òdìkejì odò. Ẹ̀rín rẹ̀ kì í pariwo. Ó ní àpá kékeré kan lójú òsì, lókè ìpéǹpéjú, níbi tó ti ṣubú lu ọlọ nígbà tó ń kọ́ ìrìn. Ní ọjọ́ kan tí odò kún, ọkọ̀ tó gbé e kọjá dojú dé. Wọ́n rí àwọn kan nínú àwọn tó wà nínú rẹ̀. Wọn kò rí Abídèmí.

Ikú ọmọ kì í ṣe ohun tí a ń fẹnu ròyìn, n kò ní fẹnu ròyìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tó dá ọgbẹ́ sórí ọgbẹ́. Inú fóònù Abídèmí ni gbogbo àwòrán rẹ̀ wà, fóònù náà sì bá a wọ odò. Ohun tó kù kò ju fídíò kékeré kan tí aládùúgbò kan yà níbi ìdúpẹ́ ìkórè, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí iná ilé ìjọsìn kò tàn dáadáa. Ẹ̀yìn pátápátá ni Abídèmí wà nínú fídíò náà, ó ń jó láàárín èrò. Ọ̀nà jìn sí ẹni tó ń yà á, ọwọ́ ẹni náà sì ń gbọ̀n. Ojú ọmọ wa kò ju hóró ẹ̀wà lọ.

Èmi àti àbúrò mi gbé fídíò náà tọ ọkùnrin kan tó ń ta tẹlifíṣọ̀n ní ìkòríta lọ. Ọkùnrin náà wò ó, ó ní, "Ìyá, fóònù yín ló kéré. Ẹ wo lẹ́tà méjì tí wọ́n kọ sára páálí yìí, HD. Ohunkóhun tó bá ti wọ inú tẹlifíṣọ̀n tó bá ní lẹ́tà yìí, mímọ́ gaara ni yóò máa mọ́."

Àbúrò mi gbà á gbọ́. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, mo rí i lójú rẹ̀. A gbé tẹlifíṣọ̀n náà wálé, ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. A fi fídíò náà sí i. Kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ó ń fi gbogbo ọmọ bí obìnrin. Ojú tó rí bí hóró ẹ̀wà di ńlá bí àwo, ṣùgbọ́n kò ní imú, kò ní ẹnu. Ègé dúdú àti ègé pupa ló to ara wọn jọ bíi bíríkì. Ọdẹ́bùnmi fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé bó ṣe rí nísàlẹ̀ odò báyìí nìyí?"

Láti ọjọ́ náà ló ti ń jókòó síwájú àwọn bíríkì yẹn láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kò jẹun bí èèyàn mọ́. Ní àárọ̀ kan ó wá sọ ohun tó lé mi jáde nílé. Ó ní, "Mo ti ń gbàgbé rẹ̀. Bí mo bá di ojú mi, àwọn ègé yẹn ni mo ń rí."

Àwọn ọdẹ àgbà ti sọ fún wa rí pé lẹ́yìn Igbó Aláìlójú, ìlú kan wà tí wọ́n ti ń tún ojú tó bá ti sọnù ṣe, pé iwin kan tó ń jẹ́ Atúnjúṣe ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Mo gbé ìbọn mi kọ́ èjìká. Mo yọ káàdì kékeré tí fídíò náà wà nínú rẹ̀ kúrò nínú fóònù àbúrò mi, mo dì í sínú aṣọ, mo so ó mọ́ ọrùn. Mo sọ fún un pé, "Jẹun títí n óò fi dé." Mo sì wọ igbó.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti rí igbó tó ń sọ̀rọ̀, mo ti rí igbó tó ń sunkún, ṣùgbọ́n Igbó Aláìlójú yàtọ̀. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tó ní ààlà. Ewé kan wọnú èkejì, ẹ̀ka wọnú ojú ọ̀run, n kò mọ ibi tí igi parí sí tí afẹ́fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mo nu ojú mi, mo tún un nù. Mo rò pé ọjọ́ ogbó mi ló dé. Bẹ́ẹ̀ ni oòrùn wà lókè lọ́sàn-án gangan.

Nígbà náà ni wọ́n jáde. Wọ́n rìn bí èèyàn, wọ́n wọ aṣọ bí èèyàn, ṣùgbọ́n ibi tí ojú yẹ kó wà lára wọn, bí ìgbà tí wọ́n fi ọwọ́ nu ọ̀dà tí kò tíì gbẹ ló rí. Wọ́n yí mi ká, wọn kò fọwọ́ kàn mí. Ọ̀kan nínú wọn tó tẹ̀ bí àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi.

Ó ní, "Ọdẹ, ojú rẹ mọ́. Jọ̀ọ́, wò mí. Ṣé mo ní irùngbọ̀n?"

Mo wò ó títí. Mo ní, "Bàbá, n kò lè sọ."

Obìnrin kan ní, "Èmi ńkọ́? Ṣé mo kọ ilà?"

Mo ní, "Ìyá, ẹ foríjì mí."

Bàbá àgbàlagbà náà mí kanlẹ̀. Ó ní, "Àwa ni a kọjá lẹ́yìn nígbà tí wọ́n ń ya àwòrán ìgbéyàwó àwọn ẹlòmíràn. Àwa ni a jókòó sí ìlà ìkẹyìn. Ẹ̀rọ rí i pé a wà níbẹ̀, kò rí ẹni tí a jẹ́. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn tó mọ ojú wa kú, ibí ni a bọ́ sí."

Mo béèrè bóyá Abídèmí wà láàárín wọn.

Ó ní, "Kò tíì dé. Ìyá rẹ̀ ṣì di díẹ̀ mú nínú ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wá wò ó."

Ó mú mi dé abẹ́ igi kan. Wọ́n ti gbá abẹ́ rẹ̀ mọ́, wọ́n ti tẹ́ ẹní kékeré kan síbẹ̀. Wọ́n ń retí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní akọni, bí ẹ bá rí ẹní yẹn, ẹ̀yin náà yóò sáré bí mo ṣe sáré.

Ibi tí mo sáré dé ni ẹnu bodè kan tó tín-ín-rín, tí èèyàn méjì kò lè gbà á lẹ́ẹ̀kan. Iwin kan jókòó tì í, orí rẹ̀ tóbi, ojú rẹ̀ pọ̀ bí ojú àgbàdo lára ṣùkù. Òun ni Oníbodè. Àwọn arìnrìn-àjò tó ru àwòrán ńláńlá lọ sí ìlú Atúnjúṣe tò síwájú rẹ̀. Ó ń bó àwòrán kọ̀ọ̀kan bí ẹni bó iṣu kí ó tó jẹ́ kí ó kọjá.

Nígbà tó rí mi, ó ní, "Ọdẹ, dáhùn kí o tó kọjá. Obìnrin kan gbé ẹgbẹ̀rún igbá lọ sódò, obìnrin kejì gbé igbá mẹ́wàá. Èwo nínú wọn ló pọn omi wálé jù?"

Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń pariwo pé ẹlẹ́gbẹ̀rún ni, ẹlẹ́gbẹ̀rún ni. Ọmọ Ṣógbádé kì í yára bẹ́ẹ̀. Adìẹ tó yára fò sórí okùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Mo ní, "Oníbodè, sọ fún mi ná, báwo ni omi ṣe pọ̀ tó nínú odò?"

Ó rẹ́rìn-ín, gbogbo ojú rẹ̀ pa dé. Ó ní, "O gbọ́n. Odò gbẹ. Igbá ni hóró àwọ̀ tó wà nínú àwòrán, omi ni ìmọ́lẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ ń ka igbá, wọn kì í wo odò."

Lẹ́yìn èyí ó fi ohun mìíràn hàn mí. Ọkùnrin méjì gbé àwòrán dé, ìbú kan náà, ìga kan náà, lẹ́tà kan náà ni wọ́n kọ sí méjèèjì. Ó ní kí n gbé wọn wò. Ọ̀kan wúwo bí ẹran tútù. Èkejì fúyẹ́ bí ìwo tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán. Oníbodè ní, "Ojú ọ̀nà mi kéré. Ẹni tó bá ń kánjú, mo ń yọ ẹran inú àwòrán rẹ̀ jù sílẹ̀, awọ nìkan ni mo ń jẹ́ kó gbé kọjá. Bó bá délé, yóò wọn ìbú rẹ̀, yóò rí i pé ó pé, yóò sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi." Ó na ọwọ́ sí ọrùn mi. "Ó yá, mú tìrẹ wá kí n bó o."

Kí ni ó kù lára ojú Abídèmí tí yóò tún bó? Mo fà sẹ́yìn. Bí mo ṣe fà sẹ́yìn, gbogbo ojú rẹ̀ yí sọ́dọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan. Ibẹ̀ ni mo ti ṣàkíyèsí rẹ̀. Igi tí kò mì, kò wò ó. Òkúta, kò wò ó. Ohun tó bá dúró jẹ́ẹ́, ó gbà pé òun ti rí i tẹ́lẹ̀, kì í wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ gbọ́, ta ló lè dúró jẹ́ẹ́ ju ọdẹ lọ? Èmi tí mo dúró de ọ̀yà títí èèrà fi kọ́lé sí bàtà mi. Mo dúró. Ó wá mi títí, ó wò mí kọjá bí ẹni wo kùkùté. Nígbà tí afẹ́fẹ́ fẹ́ tí ewé mì, mo bá ewé mì, mo gbé ẹsẹ̀ kan. Afẹ́fẹ́ dákẹ́, èmi náà dákẹ́. Báyìí ni mo ṣe bá ewé rìn kọjá lábẹ́ imú rẹ̀, káàdì mi kò sì dín.

Ìlú Atúnjúṣe wà lẹ́yìn bodè náà. Kò sí ilé tó ní fèrèsé níbẹ̀, ògiri gígùn ni gbogbo rẹ̀, àwòrán sì kún orí ògiri kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará ìlú náà fi imú kan ògiri, wọ́n ń fi ìka tọ ara rẹ̀. Mo bi ọkùnrin kan ohun tó ń wá.

Ó ní, "Bàbá mi wà lára ògiri yìí. Wọ́n sọ pé ògiri tó fẹ̀ jù lọ ní ìlú ni, mo sì ń sún mọ́ ọn kí n lè rí i. Mo ti ń wá a láti ìgbà tí irun mi ti dúdú."

Funfun báláú ni irun rẹ̀. Mo di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn, mo fà á. Ó ń jà, ó ń bẹ̀ mí pé kí n má mú òun jìnnà sí bàbá òun. Mo fà á títí ògiri náà fi kéré lójú wa. Nígbà náà ni àwọn ègé orí rẹ̀ wọnú ara wọn, tí bàbá arúgbó kan tó jókòó lórí àpótí sì hàn. Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ níbi tó wà. Ìka ló fi tọ́ka ilé Atúnjúṣe sí mi.

Obìnrin ni Atúnjúṣe, ohùn rẹ̀ tutù. Nínú ilé rẹ̀, ojú èèyàn ni wọ́n sá sórí okùn bí aṣọ. Ó gba káàdì lọ́wọ́ mi, ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ọmọbìnrin kan bá dìde dúró níwájú mi.

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Ojú rẹ̀ mọ́ ju ojú ẹnikẹ́ni tí mo ti rí láyé lọ. Mo lè ka irun ìpéǹpéjú rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi, mo ní, "Abídèmí." Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ìgbà náà ni mo wo òkè ojú òsì rẹ̀. Ó dán.

Mo ní, "Àpá rẹ dà?"

Ó ní, "Àpá wo? Ẹ sọ ibi tó wà, kí n ní i."

Mo ní, "Lókè ojú òsì." Àpá kan sì yọ níbẹ̀ bí mo ti ń wò ó, ó gún régé bí ojú abẹ. Ọlọ ni Abídèmí ṣubú lù, àpá rẹ̀ wọ́.

Mo kọjú sí Atúnjúṣe. Mo ní, "Ojú ta nìyí?"

Ó ní, "Ojú ọ̀pọ̀ èèyàn. Mo mú imú níbìkan, mo mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ níbòmíràn. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni mo fi síbẹ̀."

"O kò rí tirẹ̀ nínú fídíò náà?"

"Ọdẹ, ṣé èèyàn lè bu ọbẹ̀ tí wọn kò sè? Ìmọ́lẹ̀ kò tó ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ọ̀nà jìn, ọwọ́ sì gbọ̀n. Ohun tí ẹ̀rọ kò rí lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó lè rí i níbẹ̀ mọ́. Ẹ lè fẹ̀ ẹ́ bí oko, ẹ lè kọ lẹ́tà tó bá wù yín sára rẹ̀."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ?"

Ó ní, "Ìwọ lo kọ́kọ́ béèrè."

Pátápátá là ń fọ́jú, ojú tí kò fọ́ tán ìjà ní ń dá sílẹ̀. Mo di ojú mi láti fi rántí ọmọ àbúrò mi bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ojú ẹni tó dúró níwájú mi yìí ló yọ sí mi. Mo tún gbìyànjú. Òun náà ni. Mo já káàdì gbà, mo sá jáde.

Ọmọbìnrin náà tẹ̀lé mi. N kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ ni mo ń gbọ́ lẹ́yìn mi, ó ń bi mí pé, "Kí ni mo máa ń pè yín?" Mo tún bá ewé kọjá lọ́dọ̀ Oníbodè, òun náà bá ewé kọjá. Nígbà tí a dé Igbó Aláìlójú, àwọn ará ibẹ̀ jáde, wọ́n ń na ọwọ́ sí i. Obìnrin tó béèrè ilà lọ́wọ́ mi ní, "Imú mi nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n." Ẹlòmíràn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni tòun. Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún, ó sì di ẹ̀wù mi mú.

Ọ̀sán ni a wọlé. Ọdẹ́bùnmi jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tí kò sí ohunkóhun lórí rẹ̀. Ó yíjú, ó rí ẹni tó dúró ní ẹnu ọ̀nà. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. N kò ní ẹ̀tọ́ láti yan fún un.

Ẹni náà ní, "Màmá, èmi Abídèmí ni."

Àbúrò mi wò ó pẹ́. Ó ní, "Rìn wá síbí." Ó rìn wá. Àbúrò mi mi orí. "Ọmọ mi kì í rìn báyìí," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún mi ní káàdì yẹn."

Mo fẹ́ fi í sí tẹlifíṣọ̀n, ó ní rárá. Ó fi í sínú fóònù rẹ̀ kékeré, ó na ọwọ́ rẹ̀ jìnnà sí ojú bó ṣe lè nà án tó. Àwọn ègé náà kò sí mọ́. Láàárín èrò, ọmọbìnrin kékeré kan gbé èjìká òsì ṣíwájú ọ̀tún, ó yí, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó wo ẹ̀yìn bóyá ẹnìkan ń wo òun, ó sì tún jó lọ.

Ọdẹ́bùnmi ní, "Òun nìyẹn. Ẹ wo èjìká yẹn. Mo máa ń bá a wí pé ó ń jó bí ẹni ru igi." Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sunkún, ẹkún tí kò tíì sun láti ọjọ́ odò. Nígbà tó sun ún tán, ó da aṣọ bo tẹlifíṣọ̀n.

Ó wá bi ẹni tó wà ní ẹnu ọ̀nà pé, "Ìwọ, ta ló bí ọ?"

Ó ní, "N kò mọ̀."

"Ebi ń pa ọ́?"

"N kò mọ̀."

Àbúrò mi bu oúnjẹ fún un, ó jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Ó ní, "Máa lọ báyìí. Bí o bá rí ẹni tó mọ ọ́, dúró sọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ orúkọ ọmọ mi." Ẹni náà fọ àwo rẹ̀, ó dà á délẹ̀, ó gba ọ̀nà igbó lọ. A kò rí i mọ́.

Àbúrò mi ti ń jẹun. Ó ń ṣòwò rẹ̀. Bó bá wá sọ́dọ̀ mi, a máa ń jókòó sí ìta, á máa sọ Abídèmí fún mi, bó ṣe ń bínú, bó ṣe ń sùn, bí àpá náà ṣe wọ́ sápá kan. Mo ti sọ fún un pé mo wo ojú kejì yẹn pẹ́ jù, òun ló sì bo ti ọmọ wa mọ́lẹ̀ nínú mi. Kò bá mi wí. Ó kàn ń tún un sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Mo di ojú mi, mo tẹ́tí sí i, ọmọbìnrin kan sì dìde níwájú mi, ó mọ́ rekete, ó rẹwà, ó ń bi mí pé kí ni òun máa ń pè mí.

Ibi tí ẹsẹ̀ mi gbé mi dé nìyẹn. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé, kí ẹni tó bá ní èèyàn nílé wò ó dáadáa kí ilẹ̀ tó ṣú.